Ológìnní àti Ibùsùn Tọ́júlé

Ìbéèrè kan wà tí mi ò tíì lè dáhùn títí di òní: ẹni tó ń jowú, ṣé ó mọ̀ pé owú ni òun ń jẹ? Àbí lójú tirẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló kàn ń bèèrè? Ẹ má tíì dá mi lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n pa àlọ́ yìí tán ná.

Ẹ sún mọ́ra. Mopélọ́lá, kúrò lẹ́nu ọ̀nà, atẹ́gùn yẹn tutù, àná ni ikọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ́ sílẹ̀. Akínkúnmi, fa ẹsẹ̀ rẹ sẹ́yìn kúrò nídìí iná. Ẹ rọra o, àbúrò yín ń sùn lẹ́yìn mi. Ṣé ẹ ti jókòó dáadáa? Ṣé kò sí ẹni tó fẹ́ tọ̀? Kí ẹni tó bá fẹ́ tọ̀ tètè lọ, nítorí ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ló wà nínú àlọ́ yìí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá mi dúró láàárín.

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó fò gìjà, ó bà lé Ológìnní lórí, ó bà lé ọmọ ajá kan tó ń jẹ́ Tọ́júlé lórí, ó wá bà lé obìnrin kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró lórí.

Nígbà tí ẹranko ṣì ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, Àwẹ̀ró ń gbé ní etí ìlú kan tó wà láàárín igbó àti odò. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sì bímọ. Ológìnní nìkan ló ń bá a gbé inú ilé, ọdún mẹ́fà gbáko. Àgbàdo ni Àwẹ̀ró ń gbìn, àgbàdo náà ló ń jẹ, òun ló sì ń tà.

Ṣé ẹ mọ bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń tọ́jú irúgbìn àgbàdo? Tí wọ́n bá kórè tán, wọ́n á ṣa àwọn tó yọmọ jù lọ sọ́tọ̀. Wọ́n á fi háhá ara wọn so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì, wọ́n á fi wọ́n kọ́ sí àjà lókè ààrò, kí èéfín máa fín wọn, kí kòkòrò má baà jẹ wọ́n, títí òjò àkọ́kọ́ yóò fi rọ̀. Kòkòrò máa ń sá fún èéfín. Eku kì í sá fún èéfín. Ológìnní ni eku ń sá fún.

Iṣẹ́ Ológìnní nìyẹn. Ní gbogbo ọ̀sán, á nà gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, lórí ìró aláró kan tí Àwẹ̀ró ti lò gbó. Á di ojú kan, á fi ojú kejì ṣọ́ àjà. Eku tó bá yọ imú, pàù! Ó tán.

Àwẹ̀ró náà kì í fi í ṣeré. Tó bá ra ẹja, Ológìnní ló ni orí rẹ̀. Igbá omi tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Á sì máa kì í ní àárọ̀ pé, "Ológìnní mi, ẹlẹ́sẹ̀ òwú, a-rìn-má-dún, olùṣọ́ àjà!" Inú Ológìnní á dùn, á máa kùn hùn-ùn-ùn, hùn-ùn-ùn, bí ìgbà tí wọ́n ń lọ ata.

Ó wá di ọdún kan, ọ̀bọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ oko Àwẹ̀ró. Tó bá lé wọn níhìn-ín, wọ́n á wọ̀ ọ́ lọ́hùn-ún. Ológìnní bá a lọ lọ́jọ́ kan láti lọ lé wọn. Ọ̀bọ kan fà á nírù, ó fì í lẹ́ẹ̀mejì, ó jù ú sínú ewéko. Ológìnní kò padà débẹ̀ mọ́.

Ni Àwẹ̀ró bá ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń jẹ́ Láníyì, ní abúlé, pé kó bá òun wá ajá. Ọjọ́ kẹta, Láníyì dé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀. Ó ṣí i. Ọmọ ajá kan wà níbẹ̀, ó rí rọ̀bọ̀tọ̀, ikùn rẹ̀ ń wọ́lẹ̀, etí rẹ̀ ń fì lẹ́bẹ́lẹ́bẹ́.

"Háà!" Àwẹ̀ró pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ibo lẹ ti rí irú èyí?"

Láníyì ní, "Ìwọ sáà gbà á. Tọ́jú rẹ̀. Kò ní ìyá mọ́." Ó mu omi, ó jẹun, ó padà sí abúlé.

Ẹ wá wo ohun tí Àwẹ̀ró ṣe. Ayọ̀ kò jẹ́ kó ronú. Bí a ṣe máa ń ṣan ẹsẹ̀ ìyàwó tuntun lẹ́nu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe fẹ́ ṣan ẹsẹ̀ ọmọ ajá yìí. Igbá wo ló fi bu omi? Igbá Ológìnní! Òun ló sún mọ́ ọn. Ó ṣan ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó wá ohun tí yóò tẹ́ fún un. Kí ló rí? Ìró aláró ẹ̀gbẹ́ ààrò! Ó gbọ̀n ọ́n pà-pà-pà, irun Ológìnní fò káàkiri, ó ká a sí méjì, ó tẹ́ ẹ fún ọmọ ajá.

Lẹ́yìn náà ló gbé e mọ́ àyà, ó jáde síta láti lọ fi í han àwọn ará ilé. Bí a ṣe ń mú ìyàwó tuntun lọ kí gbogbo ẹni tó bá nílé, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó kọ́kọ́ gbé e lọ bá Bàbá Oyèéwọlé, àgbàlagbà tó ń gbé ilé kejì.

Bàbá Oyèéwọlé ní, "Àwẹ̀ró, o bímọ, o ò jẹ́ kí a gbọ́! Ta ló jọ?"

"Èmi ló jọ, bàbá. Ẹ ò rí imú ni?"

"Mo rí i. Imú yín tutù bákan náà. Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Tọ́júlé ni mo sọ ọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Àwẹ̀ró gbé e lọ bá ewúrẹ́ lórí ìso. "Ewúrẹ́, Tọ́júlé rèé, ẹ má kàn án o." Ó gbé e lọ bá adìyẹ tó kó ọmọ mẹ́fà lẹ́yìn. "Adìyẹ, àbúrò yín rèé, ẹ má sá fún un."

Ológìnní wà lórí ògiri, ó ń wò. Ó dúró kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ òun. Ó tún irun ara rẹ̀ ṣe, ó fi ìrù ká ẹsẹ̀ bí àgbà ilé ṣe ń ká agbádá. Àwẹ̀ró kọjá. Ó wọlé. Kò wòkè.

Ní alẹ́, Àwẹ̀ró se ẹja, ó sì fi orí rẹ̀ fún Tọ́júlé.

Háà, ẹ̀yin ọmọ. Ológìnní kò kúrò lórí ògiri. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Igbá mi. Aṣọ mi. Ẹja mi. Ó dáa. Orúkọ ńkọ́? Tọ́júlé! Tí eléyìí bá jẹ́ Tọ́júlé, kí ni mo ti ń ṣe láti ọdún mẹ́fà? Ilé ta ni mo ń tọ́jú? Kódà adìyẹ! Adìyẹ tí kò mọ ọ̀nà ilé ara rẹ̀ tí òjò bá ń rọ̀!"

Tọ́júlé rí i lórí ògiri, ó ju ìrù fìrì-fìrì. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé o!"

"Ta ni ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Ẹ̀yin ni. Ṣebí ẹ̀yin ni mo bá nílé?"

"Ẹnu rẹ ń rùn wàrà. Má pè mí mọ́."

"Ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi."

Ológìnní payín keke. Ẹ mọ ohun tó dùn ún jù? Ọmọ náà kò ní ìwà burúkú tí ènìyàn lè dì mú.

Ní ọjọ́ kejì, Àwẹ̀ró gba odò lọ. Tọ́júlé ń lé labalábá níta. Ológìnní rọra sọ̀ kalẹ̀, tẹ́-tẹ́-tẹ́, ó dé orí ìró aláró. Ó wò síwájú, ó wò sẹ́yìn. Ó yí ìdí, ó gbé ìrù sókè. Ó wá fi orin sí i. Orin náà rèé, ẹ bá mi gbè é, "ṣòòròṣò" ni ègbè:

Ta ló gba ibùsùn mi?
Ṣòòròṣò!
Ta ló jẹ orí ẹja mi?
Ṣòòròṣò!
Àlejò àná tí ò tíì léyín,
Ṣòòròṣò!
Yóò sùn lómi, yóò jí lómi,
Ṣòòròṣò, aṣọ ti tutù, ṣòòròṣò!

Ó tọ̀ ọ́ tán, ó padà sórí ògiri, ó ń lá ọwọ́ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Àwẹ̀ró ti odò dé. Imú rẹ̀ gbóòórùn. "Òórùn kí rèé? Tọ́júlé! O tọ̀ sí ibùsùn!"

"Ìyá, èmi kọ́."

"Ta wá ni? Èmi?"

Ológìnní dáhùn látòkè, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ, "Ẹ fi í sílẹ̀, ìyá. Ọmọdé ni. Kò mọ ohun tó ń ṣe."

Àwẹ̀ró ní, "O rí i? Ológìnní ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ." Ó fi omi lásán ṣan aṣọ, ó sá a, ó gbẹ. Ó tẹ́ ẹ padà síbi tó wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín, nítorí àwa ìyá máa ń ṣe irú àṣìṣe yìí: omi lásán kì í mú ìtọ̀ kúrò lára aṣọ. Ènìyàn lè má gbóòórùn mọ́. Imú Ológìnní ṣì ń gbọ́ ọ. Tó bá ti gbọ́ ọ, á dà bí ẹni pé aṣọ náà ń pè é pé, wá, wá, ibi tí a dúró sí rèé.

Ní ọjọ́ kejì ọjọ́ náà, Àwẹ̀ró lọ ya igi. Ológìnní tún sọ̀ kalẹ̀, tẹ́-tẹ́-tẹ́.

Ta ló ń jẹ́ Tọ́júlé?
Ṣòòròṣò!
Ilé tí mo tọ́jú ńkọ́?
Ṣòòròṣò!
Adìyẹ mọ̀ ọ́n, ewúrẹ́ mọ̀ ọ́n,
Ṣòòròṣò!
Èmi nìkan ni wọn ò fi hàn,
Ṣòòròṣò, aṣọ ti tutù, ṣòòròṣò!

Àwẹ̀ró dé. Ó pariwo. Ó fa Tọ́júlé létí, ó tẹ imú rẹ̀ mọ́ aṣọ. "Gbóòórùn rẹ̀! Gbóòórùn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ!" Tọ́júlé ń ké hín-ín, hín-ín. Ológìnní kọ ẹ̀yìn sí wọn lórí ògiri. Inú rẹ̀ dùn, síbẹ̀ nǹkan kan ń ta á nínú adùn náà. Kò yẹ ohun náà wò.

Mopélọ́lá ní, "Màámi, kí ló dé tí ajá ò sọ pé Ológìnní ni?"

Kò rí i, ọmọ mi. Ó ń ṣeré níta. Àti pé kò lè rò ó sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ìgbà kẹta, ìgbà kẹrin, bákan náà. Tọ́júlé kì í wọ orí aṣọ náà mọ́, orí ilẹ̀ lásán ló ń sùn, Àwẹ̀ró ṣì ń rí i pé aṣọ tutù. Ọ̀rọ̀ sú u. Ó ní, "Tọ́júlé, gbọ́ mi dáadáa. Tí ibùsùn yìí bá tún tutù ní ìgbà kan sí i, Láníyì ni màá dá ọ padà fún. Mi ò lè máa fọ ìtọ̀ títí òjò yóò fi dé."

Tọ́júlé ká ara rẹ̀ jọ sẹ́nu ọ̀nà. Kò ní ìyá ní abúlé. Ta ló fẹ́ padà lọ bá?

Ológìnní gbọ́ ọ, ó fò sókè. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo!

Ṣùgbọ́n ẹ wá wò ó o. Ìtọ̀ kì í wá lásán. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀ gbọ́dọ̀ mu omi. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni Ológìnní ti ń lọ sí odò ní àárọ̀, á mu omi kò-kò-kò, ikùn rẹ̀ á yọ síta bíi ti aláboyún, á máa dún gbọ̀lọ̀-gbọ̀lọ̀ tó bá ń rìn. Tó bá dé, kò ní ojú fún àjà mọ́. Ibùsùn Tọ́júlé nìkan ló ń ṣọ́: ta ló wà níbẹ̀, ta ló kúrò níbẹ̀, ṣé ó ti gbẹ, ṣé kò tíì gbẹ.

Àwọn eku wò ó láti inú ihò. Èyí àgbà nínú wọn ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, bàbá olùṣọ́ àjà ti gba iṣẹ́ mìíràn."

Ọmọ rẹ̀ ní, "Iṣẹ́ kí ni?"

"Iṣẹ́ ìtọ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun."

Wọ́n gun àjà, jọ̀ọ́-jọ̀ọ́-jọ̀ọ́. Wọ́n jẹ àgbàdo, wọ́n jẹ háhá, wọ́n jókòó sórí okùn, wọ́n ń gbọ́ ìròyìn ilé. Tọ́júlé rí wọn láti ẹnu ọ̀nà, ó ń gbó, "Wó! Wó! Ìyá, ẹ wá! Ẹ wòkè!" Kò lè gun àjà. Àwẹ̀ró, tí inú ti ń bí, sọ kùkù àgbàdo lù ú. "Ariwo náà ló kù!"

Nígbà tó yá, àrá sán gbàrà. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Ilẹ̀ rọ̀, ó ń gbóòórùn dídùn. Gbogbo ará ìlú gbé ọkọ́. Àwẹ̀ró náà gun àpótí, ó na ọwọ́ sí àjà. Ó fa àgbàdo kan: kùkù. Ó fa òmíràn: kùkù. Ó fà, ó fà. Kùkù lásán, kò ku hóró kan.

Ó jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ mú orí. Kí ni yóò gbìn? Kí ni yóò jẹ ní ọdún tó ń bọ̀? Ìgbà tó fẹ́ sunkún, òórùn ta á nímú. Ibùsùn tún ti tutù. Lọ́jọ́ yẹn gan-an!

"Ó tó!" Àwẹ̀ró dìde. "Ọmọ ajá ló kó òṣì wọ ilé yìí. Lónìí ni wàá lọ!" Ó fa Tọ́júlé, ó gbé e sínú apẹ̀rẹ̀. Ológìnní wà lórí ògiri, ó ń wò wọ́n. Ohun tó fẹ́ ti dé.

Àwẹ̀ró wá rò ó pé òun kò lè fi aṣọ tó ń rùn sínú apẹ̀rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n òun, kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n má baà rí ohun sọ. Ó gbé aṣọ náà lọ sí ọ̀dọ̀ Ìyá Ọlọ́ṣẹ, arúgbó tó ń fi eérú se ọṣẹ dúdú ní ìsàlẹ̀ ìlú.

"Ìyá, ẹ kúṣẹ́ o. Ẹ ta ọṣẹ tó bá le fún mi. Ìtọ̀ ajá ni."

Ìyá Ọlọ́ṣẹ gba aṣọ, ó gbé e sí imú, ó sì yára mú un kúrò. "Ta ló sọ fún ọ pé ti ajá ni?"

"Ìyá, ibùsùn ajá ló wà."

"Tí mo bá jókòó sórí ìtẹ́ adìyẹ, ṣé èmi ni mo yé ẹyin ibẹ̀? Láti ọdún tí mo ti ń fọ aṣọ àwọn ará ìlú yìí, mo mọ ìtọ̀ bí o ṣe mọ àgbàdo. Ológbò ni. Ti ológbò ló máa ń ta imú báyìí. Ọmọ mi, nígbà tí ọmọ ajá yìí wọlé, ta lo fi í hàn?"

"Gbogbo ènìyàn ni, ìyá. Bàbá Oyèéwọlé. Ewúrẹ́. Adìyẹ pàápàá."

"Ẹni tó bá nílé ńkọ́?"

"Háà, ìyá! Igbá Ológìnní ni mo fi ṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, mi ò sì fi í han Ológìnní."

"Tí wọ́n bá mú ìyàwó tuntun wọlé, tí wọ́n fi igbá ìyálé ṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n fà á kọjá níwájú ìyálé lọ kí adìyẹ, kí lo rò pé ìyálé yóò ṣe?"

"Ìyá, ṣé ó dá yín lójú pé òun ni?"

"Má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Padà sílé. Ku eérú yí ibùsùn náà ká, kí o díbọ́n pé odò lò ń lọ. Ẹsẹ̀ ajá máa ń fi èékánná hàn nínú eérú. Ti ológbò kì í fi í hàn. Máa lọ, mò ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ."

Àwẹ̀ró délé. Ó gbé Tọ́júlé jáde nínú apẹ̀rẹ̀. Ó tẹ́ aṣọ, ó ku eérú yí i ká pẹ́lẹ́bẹ́. Ó gbé ìkòkò, ó ní, "Ológìnní, mò ń lọ sódò o." Ó yí sẹ́yìn ilé, ó lúgọ.

Ológìnní ń wò. Kí ló dé tí wọ́n tún gbé e jáde? Ṣé wọn ò dá a padà mọ́ ni? Ó sọ̀ kalẹ̀, kò wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ gbè é sókè!

Wọ́n ní yóò lọ, kò lọ mọ́,
Ṣòòròṣò!
Apẹ̀rẹ̀ ti ṣí, kò lọ mọ́,
Ṣòòròṣò!
Èmi ni yóò lé e lọ lónìí,
Ṣòòròṣò!
Ilé yìí kò gba àwa méjì,
Ṣòòròṣò, aṣọ ti…

"Ológìnní."

Àwẹ̀ró ló dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Ọlọ́ṣẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ológìnní fẹ́ dá ìtọ̀ dúró, kò ṣeé dá dúró, omi odò ti pọ̀ jù. Ó ń tọ̀, wọ́n ń wò ó. Ó ń tọ̀, Tọ́júlé náà dé, ó ń wò ó. Ó tọ̀ ọ́ tán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun bàlàbàlà fún eérú, ipasẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ rogodo-rogodo, kò sí èékánná kan níbẹ̀.

Àwẹ̀ró ní, "Ìwọ! Ìwọ tí ò ń bẹ̀bẹ̀ fún un!"

Ológìnní kò sá. Ó ní, "Ìyá, adìyẹ. Ẹ fi í han adìyẹ. Ṣé mi ò ju adìyẹ lọ ni?"

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ìgbà wo? Ẹ ò wòkè."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Àwẹ̀ró lára. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ló wá bi Ológìnní pé, "Àgbàdo ńkọ́? Kí ni àgbàdo ṣe fún ọ?"

Ológìnní gbé ojú sí àjà. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì wo ibẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Ó rí kùkù tó ń fì lórí okùn. Ó rí eku kan tó ń nu ẹnu.

Inú tún bí Àwẹ̀ró, ó gbá ìgbálẹ̀ mú. "Jáde! Jáde nílé mi! O ti fi ebi pa mí!"

Ológìnní kọrí sẹ́nu ọ̀nà. Tọ́júlé dùbúlẹ̀ gbalaja síbẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá lọ, ta ni yóò gun àjà? Èmi ò lè gun nǹkan kan. Àpótí pàápàá, mo ṣubú lórí rẹ̀ lánàá."

Ìyá Ọlọ́ṣẹ rẹ́rìn-ín kèé. Àwẹ̀ró náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Ó sọ ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ ní, "Àwẹ̀ró, o jẹ̀bi. Ológìnní, ìwọ náà jẹ̀bi, tìrẹ sì pọ̀ jù. Wọ́n mú aṣọ rẹ, ìwọ fẹ́ gba ilé ọmọ ọlọ́mọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ ohun tí ẹ máa ṣe."

Wọ́n fi ọṣẹ dúdú fọ ìró aláró náà, wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi ògì kíkan, wọ́n tún fọ̀ ọ́, wọ́n sá a sínú oòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta títí òórùn fi kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Àwẹ̀ró dá a padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò fún Ológìnní. Ó fi àpò tuntun ṣe ibùsùn fún Tọ́júlé, ẹnu ọ̀nà ló tẹ́ ẹ sí, kò sún mọ́ ààrò. Igbá Ológìnní di ti Ológìnní, Tọ́júlé gba igbá tirẹ̀. Tí ẹja bá délé, Ológìnní ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún, nítorí òun ló kọ́kọ́ wọlé. Àwẹ̀ró wá gbé Tọ́júlé mọ́ àyà, ó bẹ̀rẹ̀ wálẹ̀ níwájú Ológìnní. "Ológìnní, àgbà ilé mi, Tọ́júlé rèé. Àbúrò rẹ ni."

Ológìnní wo ọmọ náà títí. "Ó dáa," ló sọ. "Ẹnu rẹ̀ ṣì ń rùn wàrà."

Tọ́júlé ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi."

Àgbàdo kò padà wá o. Àwẹ̀ró lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń bẹ̀ wọ́n fún àgbàdo kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tó fi rí ìwọ̀nba gbìn, ti àwọn ará yòókù ti ga dé orúnkún. Ọdún yẹn, orí ẹja pàápàá kò sí. Èlùbọ́ ni wọ́n fi rọ́pò àgbàdo, Ológìnní jẹ nínú rẹ̀, kò ráhùn.

Láti ọjọ́ náà ni ojú ti ń ti ológbò. Tó bá ti tọ̀ tàbí tó bá ti yàgbẹ́, á wa ilẹ̀ bò ó, á gbóòórùn ibẹ̀ wò, á tún bò ó. Láti ọjọ́ náà ló ti ń lá ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣáá, ó ń wò bóyá eérú ọjọ́ yẹn ti kúrò. Láti ọjọ́ náà ni ajá ti ń sùn sẹ́nu ọ̀nà, tí ológbò ń sùn sẹ́bàá iná.

"Màámi," Mopélọ́lá ní, "wọn ò na Ológìnní?"

Wọn ò nà án.

"Tí ó bá jẹ́ èmi ńkọ́?"

Wá jókòó síbí. Sún mọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ ni.

Ibi tí mo gbé àlọ́ mi dé rèé, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Tí mo bá purọ́, kí eku ilé yìí wá gé mi jẹ.

Ẹ̀kọ́ tó kọ́ wa ni pé kí a má ṣe jowú ẹni tó wá lẹ́yìn wa, nítorí ibi tí a bá ti ń ṣọ́ ohun tí wọ́n fún ẹlòmíràn, ohun tó wà lọ́wọ́ tiwa yóò bàjẹ́. Bí ohun kan bá dùn wá, kí a fi ẹnu sọ ọ́, kí a má fi ìwà ibi sọ ọ́. Ó sì tún kọ́ àwa àgbà pé tí a bá gba ẹni tuntun wọlé, kí a má fa ẹní kúrò lábẹ́ ẹni tó ti wà níbẹ̀.

Ìyá àgbà tó pa á fún mi, ibẹ̀ ló máa ń dúró sí ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà lọ́mọdé. Ọdún tí mo bí ọmọ kejì ló tó sọ ìyókù. Ó ní nígbà tí ìyá Tọ́júlé kú ní abúlé, ológbò kan níbẹ̀ tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ ló fún un lọ́mú títí ojú rẹ̀ fi là. Ológbò náà ti dàgbà díẹ̀ nígbà yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ bí, ọdún mẹ́fà ṣáájú, ni Láníyì gbé fún Àwẹ̀ró àbúrò rẹ̀ pé kó máa bá a ṣọ́ àjà.